Ìwé Tí Mo Yọ Àmì Rẹ̀

Mi ò fẹ́ràn àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ẹ̀rọ mẹ́ta wà, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn máa ń jẹ bébà bí ewúrẹ́. Ohun tí mo máa ń wí fún àwọn oníbàárà ni pé ẹni tó bá gbọ́ èdè wa á mọ̀ ọ́n kà láìsí àmì. Eruku orí ìwé ni mo ń pè é.

Olùkọ́ táíṣì kan ló wá kò mí lójú. Táíṣì ni eré ìdárayá jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Eré náà ní ìbátan kan tó ń jẹ́ ṣíígọ́ọ̀ngì, tó jẹ́ pé èémí ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin olùkọ́ náà fọwọ́ kọ ìwé olójú-ewé mẹ́rìndínlógún kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa fi dánra wò nílé. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń wo àwòrán, kò ní gbọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lókè àti nísàlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ẹyọ kan o," ló wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo fèsì. Bó ṣe jáde ni mo yọ gbogbo rẹ̀, torí mo fẹ́ parí kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni mo mú lọ fún bàbá mi. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun nìkan ló sì ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tí òun àti ìyá mi ti jọ gbé fún ọdún méjìlélógójì, kí ìyá mi tó kú. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú balùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá fàáké kọ́rí: bí nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹsẹ̀ wò bá fi lè sọ pé Bàbá ò lè dá dúró, ilé òun ni Bàbá ń bọ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná, láàárín ọmọ márùn-ún àti tẹlifíṣọ̀n tí kì í sinmi. Oṣù kan ló kù kí ọjọ́ àyẹ̀wò náà tó pé. Bàbá ní bí wọ́n bá fẹ́ gbé òun kúrò nílé yẹn, kí wọ́n kúkú gbé pósí wá.

"Bàbá, ẹ kúkú lọ sí kíláàsì olùkọ́ náà," mo bẹ̀ ẹ́.

"Kí ọmọ tí mo lè bí máa kọ́ mi ní ìdúró? Gbé ìwé yẹn wá, jàre."

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀, ọwọ̀ tuntun ni mo ń bá lórí tábìlì. Mo rò pé ìmọ́tótó ló dé. Inú mi tilẹ̀ dùn, torí aláǹtakùn tó wà lókè àjà ti kẹ́rù rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, àwa mẹ́ta wọ yàrá nọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ká wo bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó," nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ jẹ́ n mú irinṣẹ́ mi."

Bàbá ṣí báàgì, ó fa ọwọ̀ yọ. Ó nà án sókè orí, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọwọ̀ náà jẹ́jẹ́. Eruku bo tábìlì nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bojú.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ló wí. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan mọ́. Orí náà ti ń lọ. Lónìí yìí ni mo ń gbé wọn lọ sílé mi."

Ẹ̀rù bà mí gidi. "Bàbá, kí lẹ̀ ń fi ọwọ̀ ṣe?"

"Ohun tí ìwé wí ni." Kò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ o, ọwọ́ kejì ló fi yọ ìwé lápò, ó kà á sókè: "Gbé ọwọ̀ sókè. Mì. Dúró. Tún mì."

Mo gba ìwé náà. Ohun tí mo tẹ̀ síbẹ̀ ni: Gbe owo soke. Mi. Duro. Tun mi. Olùkọ́ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n sì mí; bàbá mi ti fi odindi oṣù kan gbá ojú ọ̀run. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. "Ìṣẹ́jú kan ti kọjá," ló wí. "Bàbá, ẹ gbé ọwọ̀ kalẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀."

Bàbá pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ó pajú dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dúró bí òpó tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó máa lọ sílé ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti kun yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná ní ọ̀dà tuntun, mú ọwọ̀ Bàbá nílẹ̀, ó ń bá a gbé e.

Lórí àtẹ̀gùn ilé ni mo ti jẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ọwọ̀. Mímí ni, kì í ṣe mímì. Èmi ni mo yọ àmì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin àtẹ̀gùn mú. "Mo fura. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé sí ojú ewé kẹjọ, èyí tí etí rẹ̀ ti rọ̀. "Eléyìí ńkọ́? Ṣé àṣìṣe lòun náà?"

Mo wo ibi tí ìka rẹ̀ wà. Pa oju de. Gbe ese kan. Fi okan si aya re. Àyà ni olùkọ́ kọ síbẹ̀, níbi tí èémí ń gbà wọlé.

"Àràárọ̀ ni mo ń fi ọkàn sí i," Bàbá wí. "Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, màá rántí bí ìyá yín ṣe máa ń pè mí láti ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ yẹn kì í gbọ̀n mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. "Rárá, Bàbá. Ìyẹn ò ní àṣìṣe. Bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì ń gòkè lọ láìdi irin mú.

Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀ bẹ olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò ṣìnà, torí ojú ni wọ́n fi ń wò ó ní kíláàsì, àfi ọkùnrin kan tó ti ń béèrè irú ọwọ̀ tí òun máa rà. Mo tún gbogbo ìwé náà tẹ̀, mi ò fo àmì ẹyọ kan. Ti Bàbá ni mo tẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹjọ, mo kọ aya síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gba àmì kankan.