Irùngbọ̀n Koríko

Láti ìgbà tí onígbàjámọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ni ará ilé rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Bó ṣe ń fi sísọ́ọ̀sì lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun kiri, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ pé etí aṣọ tábìlì kò dọ́gba. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ àkọ́bí wọn obìnrin pé kó máa mú bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí òun náà lè mí.

Ìwádìí lórí koríko tí màlúù ń jẹ niṣẹ́ ọmọ náà. Ó gbin oríṣi méjì sínú ìkòkò, ó bu omi kún wọn di ẹrẹ̀, kó lè mọ èyí tí àwọn tó ń sin màlúù lè gbìn sí àkúrọ̀. Ó kìlọ̀ fún bàbá pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìkòkò òun, ilé ló ń lọ.

Bàbá gbìyànjú, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oríṣi kan ń kú lọ, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbòǹgbò funfun lójú omi, ó rí jákujàku bí irùngbọ̀n ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ọwọ́ ń yún un. Bí ọmọ ṣe wọ ọ́fíìsì báyìí, bàbá fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò, ó gé gbòǹgbò ìlà ìkòkò kan mọ́ tónítóní, ó tiẹ̀ ń súfèé.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ewé ìlà náà fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tí kò gé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bàbá rántí ìkìlọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń retí ìsinmi ló ń rò, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí ọmọ rò pé koríko ló kùnà. Ó pè é.

"Èmi ni mo gé wọn. Irùngbọ̀n wọn ti pọ̀ jù."

Ọmọ wo ìkòkò, ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó fa gbòǹgbò funfun kan yọ nínú èyí tó kù, ó là á: ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹrẹ̀. Òun ti ń fura tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí ni kò sí kó tó di pé bàbá gé wọn.

"Irùngbọ̀n kọ́, Bàbá mi. Imú wọn lẹ gé."

Ìtìjú mú bàbá. Ó rọra mú fìlà rẹ̀, ó ní òun á máa lọ sílé.

"Ilé wo? Ẹ jókòó. A máa gbin òmíràn, màá sì fi èyí tẹ́ ẹ máa gé hàn yín."

Inú bàbá dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó jókòó, ó tún fa sísọ́ọ̀sì rẹ̀ yọ.

"Ṣé kí n gé e mọ́lẹ̀ ni, àbí kí n fi díẹ̀ sílẹ̀?"