Ohun Tí Wọn Kò Rán Ruth

Ruth jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rán an láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ìyá rẹ̀ kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè mọ́.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ẹnì kan ti jẹ́ iṣẹ́ rí láàárín ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n yìí, Bàbá Zinsu, lórí àwọn igi àgbọn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Imeke, ó sì fi èébú tara rẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò pe ara wọn lórí fóònù mọ́. Ìyá Ruth kó wá sí Iworo, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ létí: "Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ẹ ni kí o jẹ́. Má fi tìẹ kún un."

Ẹ̀kọ́ yìí ló ń dà á láàmú ní lẹ́sìn ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, olùkọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ka àyọkà kan: obìnrin kan gbé àwo oúnjẹ méjì sórí tábìlì, ó jókòó, ó wo ojú ọ̀nà títí, ó wá gbé ọ̀kan padà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

"Ó gbé àwo padà, sà," Ruth dáhùn.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ruth, ṣé àwo ni mo bi ẹ́ ni? Ẹni tó ń retí kò wá mọ́!"

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà?"

"Wọn ò kọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ bi ẹ́?"

Ruth kò gbà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ kí Bàbá Zinsu. Ó bá a níta nínú oòrùn, tí bàbá wọ súwẹ́tà. Ẹ̀bà tó wà níwájú rẹ̀ ti gbẹ lójú. Zinsu, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́tónù, nílẹ̀ Benin, tí kì í wálé àfi nígbà Kérésì, ló jókòó tó ń tún àwọ̀n bàbá rẹ̀ ṣe, àwọ̀n tí bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

"Sọ fún ìyá ẹ pé àgbọn ẹ̀yìn ilé ti gbó. Bó bá ráyè, kó wá ká tirẹ̀."

"Ṣé kò sí nǹkan, sà?"

"Kí ló máa ṣe mí? Iṣẹ́ tí mo rán ẹ nìyẹn."

Ruth jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí ẹja tó ń yan. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àgbọn tó torí ẹ̀ bá mi jà! Kó dúró ná. Tí mo bá ta ẹja yìí tán, màá lọ."

Kò tíì tà á tán tí Zinsu fi wá sọ pé bàbá òun ti kú.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ìyá bi Ruth bó ṣe bá a lọ́jọ́ yẹn. Ruth sọ ti súwẹ́tà, ti ẹ̀bà, ti Zinsu, ti àwọ̀n.

"Súwẹ́tà nínú oòrùn?"

"Ẹ̀n, mà."

"O sì rí gbogbo ìyẹn?"

"Ẹ ní kí n má fi tèmi kún un."

Ìyá rẹ̀ tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

Ruth yege Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Íjànìkín. Zinsu kó àgbọn wá ní àpò kan. Ìyá rẹ̀ kò fọ́ ìkankan nínú wọn.

"Fofo mi," ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, "ìjà lo ní kí n wá parí."

Kò sì sí ẹni tí yóò bá parí rẹ̀ mọ́.