Igi Kì Í Rù

Ẹ wo Ìyá Eléèédú o, obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga ju àga lọ, tí ohùn rẹ̀ sì ń gbé òrùlé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti sun èédú kẹ́yìn, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe aṣọ téèyàn ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó rọ̀, tí odò inú igbó sì fà títí ó fi ku bí omi ojú, òun fúnra rẹ̀ ló ju àáké sílẹ̀. Ni ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ igbó bá gba òun àti ọkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ wíwọn igi.

Igi a máa mu èéfín. Èéfín ọkọ̀, èéfín ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run tó ń mú kí ayé gbóná, igi ń gbé e mì, ó ń fi í sanra. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ti sun èédú rí. Òun ti tú u jáde tó. Ó kù kí igi kó o padà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, wọ́n á fi tépù yí ọgọ́rùn-ún igi po níbi tó bá àyà èèyàn dọ́gba, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé.

Ní èṣí, ìyá ló fa tépù, ọkọ rẹ̀ ló kọ̀wé. Ọkọ náà ga débi pé Àkàbà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lọ́dún yìí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́, torí Ìyá Eléèédú ti lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà, ó ti mọ òǹkà kọ. Inú irun ni pẹ́ńsù rẹ̀ ń gbé bí ìyarun. Bí Àkàbà bá ti yí tépù po igi, ìyá á gbé orin:

Igi ńlá, dúró, má sá,
Àáké kọ́ ni mo mú wá.
Gbé èéfín mì, kí o sanra,
Ìbàdí rẹ ni mo fẹ́ kọ.

Ìgbà tí wọ́n gbé ìwé dé ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tó máa ń fi rúlà họ ọrùn, gbé ìwé èṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ìyá, gbogbo igi yín ló rù."

"Rù kẹ̀? Ṣé àìsàn ṣe wọ́n ni?"

"Igi àkọ́kọ́, igba sẹ̀ǹtímítà ó lé mẹ́wàá ní èṣí. Lọ́dún yìí, igba ó dín méjì. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá fi èyí ránṣẹ́ sókè, wọ́n á ní igbó yìí ò mu èéfín mọ́, wọ́n á jẹ́ kí àwọn tó ń la gẹdú wọlé padà."

Ọwọ́ mi ni, ni ìyá ń rò. Mo ti kọ mẹ́sàn-án ní mẹ́fà. Èmi tí mo fi àáké sílẹ̀, pẹ́ńsù ni mo wá fi gé igbó lulẹ̀! Ó fa pẹ́ńsù yọ lórí bí ẹni yọ ẹ̀gún.

"Akọ̀wé mi, gbà. Ọwọ́ èédú ò yẹ ìwé."

"Gbé e padà sórí," Àkàbà dá a lóhùn. "Gbogbo iye tí mo pè lo kọ. Mo ń yọjú wò ó látòkè."

"Kí lò ń rí látòkè yẹn?"

"Ewú."

Akọ̀wé fi ìwé bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo igi àkọ́kọ́ yẹn ná."

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì náà ni igi ọ̀hún wà. Bí wọ́n ṣe wọ abẹ́ rẹ̀, òógùn gbẹ lára wọn. Àkàbà yí tépù po. Igba ó dín méjì, géérégé bí ìyá ṣe kọ ọ́! Ìyá sún mọ́ ọn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, àfi bó ṣe ń na ọrùn. Tépù wà lókè orí rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ibo lo gbé tépù sí yẹn?"

"Àyà mi ni. Ṣebí àyà ni wọ́n ní."

"Àyà tìẹ! Tèmi tí mo fi wọ̀n ọ́n ní èṣí ńkọ́?"

Ó gba tépù, ó yí i po níbi àyà tirẹ̀, nísàlẹ̀ níbi tí igi ti ń fẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Igba ó lé mẹ́rìnlá! Ìyẹn fi mẹ́rin ju ti èṣí lọ.

"Igi ò rù o! Ó sanra!" Ìyá bẹ́ sókè, síbẹ̀ kò kan èjìká ọkọ rẹ̀.

Akọ̀wé wo àyà ìyá, ó wo ìdodo Àkàbà tó bá a dọ́gba, ló bá fara ti igi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú. Bó ṣe yẹ kó ga tó wà nínú ìwé mi, èmi ni mo kàn sọ fún yín pé àyà."

"Ìyá mi kìlọ̀ fún mi," ìyá ní, "pé gíga ọkùnrin yìí á kó bá mi lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wọn gbogbo igi náà padà ní àyà ìyá. Gbogbo wọn ló sanra, àfi méjì tí àrá sán pa. Akọ̀wé wá gé ọ̀pá kan tó ga tó bí ìwé ṣe wí, kí ẹnikẹ́ni má tún fi àyà ara rẹ̀ wọn igi mọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá náà ti Àkàbà, kò kan àyà rẹ̀. Wọ́n gbé e ti Ìyá Eléèédú, ètè rẹ̀ ló kàn gẹ́lẹ́.

Ibi tí orin ti ń jáde náà ni wọ́n ti ń wọn igi títí di òní. Ta ló sì ń kọ ọ́? Ẹ wo inú irun ìyá.