Òjò Kẹrin

Ìgbà kẹfà rèé tí Elétí Ehoro ń gbọ́ téèpù kan náà láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ìdí rẹ̀ kò sì gbélẹ̀ lórí àga. Á gbọ́ ọ dé ibì kan, á dìde, á lọ yọjú lójú fèrèsé, á tún padà wá dá a sẹ́yìn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, torí kò sí ohùn tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò ní dá mọ̀ bó bá tún gbọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó téèpù àtijọ́ ilé iṣẹ́ rédíò sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. Lọ́jọ́ náà, etí ọ̀hún ló kó bá a.

Téèpù ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá ńlá ìlú ni, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún ni rédíò ń gbé e jáde. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ní inú aráàlú dùn dé ẹ̀yìn, ariwo ayọ̀ á sọ, àtẹ́wọ́ á gba gbogbo ilé kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń sín in jẹ, olórin kan tiẹ̀ ti fi àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ àwo rẹ̀, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn sì ń búra pé àwọn wà níbẹ̀. Bàbá Elétí Ehoro gan-an ló gbà á sílẹ̀. Bàbá Òjò ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí òun ló máa ń da ẹ̀wà gbígbẹ sórí páànù kó lè dún bí òjò nínú eré orí rédíò, tí àwọn olùgbọ́ á sáré jáde lọ ká aṣọ tí wọ́n sá. Lọ́jọ́ Ẹtì, afárá máa pé ogójì ọdún. Wọ́n fẹ́ gbé téèpù náà jáde, kí wọ́n sì fún bàbá ní àmì ẹ̀yẹ lójú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, Elétí Ehoro ti kó téèpù ìdíje bọ́ọ̀lù kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n gbà lọ́dún kan ṣáájú afárá. Lẹ́yìn góòlù kejì, ẹnì kan húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin kan tóhùn rẹ̀ ti há sì kígbe pé, "Omi tútù rèé!" Nínú téèpù afárá, láàárín àtẹ́wọ́, ikọ́ mẹ́ta yẹn náà ló dún, ohùn híhá náà sì ní, "Omi tú..." Wọ́n gé e níbẹ̀. Àwọn tí ìlú ti ń gbọ́ láti ogójì ọdún, góòlù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Bó bá sọ ọ́, orúkọ tí bàbá ti ń kó jọ látìgbà èwe máa di yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìyìn rẹ̀. Bó bá dákẹ́, òun náà ti bá wọn purọ́. Ó tún rántí ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́dọọdún, bí àtẹ́wọ́ yẹn bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá á dìde lórí àga rẹ̀, á pa rédíò, á sì padà jókòó láìsọ nǹkan kan. Bàbá kì í bá a jà. Àwọn ọmọ rò pé ó ń jowú iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni.

Kò lè dúró dìrọ̀lẹ́. Ó parọ́ fún ọ̀gá pé orí ń fọ́ òun, ó sì gba ilé lọ kíákíá, débi pé ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ládùúgbò tó ti ń gbé láti kékeré. Ó bá bàbá níbi tó ti ń tú rédíò tí kò bàjẹ́. Nígbà tó bi í, bàbá kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní ikọ́ pọ̀ láyé, omi tútù sì tún pọ̀ jù ú lọ. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín yàrá, títí bàbá fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ilé òun.

"Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́," bàbá sọ níkẹyìn. "Ìjọba ti wó ilé àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n tó ráyè ri òpó afárá mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn náà kàn dúró, wọ́n ń wò wá ni."

Ó ní ọ̀gá àwọn nígbà náà sọ pé òun ò lè ka ìròyìn ayọ̀ sórí ìdákẹ́jẹ́, pé ẹni tó mọ òjò ṣe á mọ èèyàn ṣe. Lòun bá gé àtẹ́wọ́ inú téèpù bọ́ọ̀lù, òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti afárá. Ó ní òun rò pé ọjọ́ kan péré ni irọ́ náà máa lò.

Ọmọ bi í pé téèpù tòótọ́ ńkọ́. Ó mọ̀ pé téèpù wọ́n nígbà yẹn, wọ́n máa ń pa ohùn orí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè gba òmíràn sí i.

"Lọ wo Òjò Kẹrin láàárín àwọn téèpù tí mo gba ìró òjò sí," bàbá ní. "Kò sẹ́ni tó ń pa òjò rẹ́. Mẹ́ta tó wà níwájú ẹ̀ sì ti tó wọn í lò."

Ọmọ padà síbi iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Páálí Òjò Kìíní dé Ìkẹta ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ lórí pẹpẹ, eruku lásán ló bo Ìkẹrin. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Òjò kankan ò rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọmọ ọwọ́ kan sunkún, wọ́n rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ohùn ọ̀dọ́, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ díẹ̀, àwọn tó kù á tẹ̀lé yín."

Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn. "Ilé bàbá mi ló wà lábẹ́ òpó kẹta yẹn. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ná, kí n wò yín."

Elétí Ehoro ò nílò kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó sì sunkún ìyá rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó pe bàbá lórí fóònù, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ lòun àti ìyá ti pàdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi wá a kiri láti tọrọ àforíjì. Ó gbà láti fẹ́ òun, ṣùgbọ́n kò gba téèpù àtẹ́wọ́ náà láéláé, òun sì ṣèlérí pé òun á gbé òótọ́ jáde. Lọ́la, lọ́la, títí ìyá fi kú.

"Gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì," bàbá ní.

"Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá."

"Kí wọ́n fi mí ṣe. Ìyá ẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá họ orí títí, ó fagi lé àmì ẹ̀yẹ, àmọ́ ó gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá àti ọmọ jókòó ti rédíò nílé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ka ìjẹ́wọ́ bàbá tán, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nínú rédíò. Ọmọ ọwọ́ sunkún. Bàbá ń wo àga ìyá ṣáá. Ohùn ìyá wọlé, ó sọ tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ sì tẹ̀lé e, ó gùn. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó dìde láti pa rédíò.