Bátìrì Tí Bùrọ̀dá Adépọ̀jù Yàn

Inú ti ń bí Fúnmiláyọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú ìbínú tí kì í jẹ́ kí èèyàn jẹ́ ẹni tó kí i. Adépọ̀jù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkùnrin náà ti lò ní London kó tó wálé ní ìparí ọdún 1999, ó sì kó kámẹ́rà kékeré méjì tí kì í lo fíìmù bọ̀. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán báyìí, ó ti hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí Fúnmi mú ọ̀kan, torí iṣẹ́ fọ́tò ni Fúnmi ń ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìkìrun.

Fúnmi yẹ méjèèjì wò dáadáa. Èyí dúdú ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́rin, irú èyí tí rédíò ń lò. Èyí aláwọ̀ fàdákà ní bátìrì tirẹ̀, pẹlẹbẹ báyìí, iná ni wọ́n sì fi ń ṣájì rẹ̀.

"Èyí dúdú ni mo mú, bùrọ̀dá."

Adépọ̀jù bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń jẹ bátìrì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu? Ogún fọ́tò péré, ó ti kú."

"Bó bá kú, màá ra òmíràn. Kò sí ìsọ̀ tí wọn ò ti ń tà á, títí dé Eko Ende. Èyí tẹ́ ẹ ń wí yẹn, bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kì í fẹ́ ìlọsíwájú. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní kámẹ́rà?"

Ìwọ lo máa kọ́ mi! Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlá ya fọ́tò jẹun. Adépọ̀jù ju èyí dúdú sínú báàgì tó fẹ́ padà wá gbé ní Ìkìrun kó tó gba Èkó lọ, ó ní òun máa fi ta ọ̀rẹ́ òun kan lọ́rẹ l'Ékòó, ó ti èyí fàdákà sí Fúnmi lọ́wọ́. Ó tún ní kó fi kámẹ́rà ògbólógbòó rẹ̀, ti oní fíìmù, sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó má lọ dójú ti òun l'Ókukù níbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ ya fọ́tò ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ni. Fúnmi gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e kalẹ̀.

Fọ́tò ọjọ́ náà kì í sì í ṣe eré. Ìyá wọn ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, kò tíì ya fọ́tò rí. Ọjọ́ tí Adépọ̀jù wọ ọkọ̀ òfúrufú ló ti búra pé òun ò ní jókòó síwájú kámẹ́rà kankan, àfi bí ọmọ òun méjèèjì bá wà lọ́tùn-ún lósì òun. Fúnmi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Ọjọ́ wá pé, kò sì gùn: aago kan ọ̀sán ni Adépọ̀jù fẹ́ gba Èkó lọ, ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ ń gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti Ìkìrun dé Òkukù, Adépọ̀jù gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Fúnmi, kò jẹ́ kí bátìrì ọ̀hún sinmi. Ó ya pátákó ojú ọ̀nà, ó ya màlúù. Ní Inísà, ó dá mọ́tò dúró, ó ya òkìtì iṣu, ó ń fi ẹ̀yìn kámẹ́rà han àwọn tó ń tà á. Fúnmi ní kó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Adépọ̀jù ní bátìrì òun kì í ṣe ti ará oko.

Màmá ti wọ òfì rẹ̀, ó ti jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Fúnmi gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà dún píì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Iná ò sí l'Ókukù láti Ọjọ́bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, ẹni tó ni ín ti gbé e lọ síbi ìsìnkú ní Ìbà.

"Kò le," ni Adépọ̀jù wí. Ó yọ bátìrì, ó gun àpótí, ó sá a sórí páànù ilé ìdáná nínú oòrùn, bí wọ́n ṣe máa ń sá bátìrì rédíò Bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà léwe. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní London! Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ onílé ni èyí, kò kúkú ríran náà.

"Bùrọ̀dá, èyí tí wọ́n ń ṣájì kì í fẹ́ oòrùn. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀."

"Fúnmi, dákẹ́."

Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e sọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, bátìrì ti wú bí àkàrà, kò wọ inú kámẹ́rà mọ́. Adépọ̀jù wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí Màmá má bínú, bí òun bá tún wálé, wọn á yà á.

Màmá ò wo ọmọkùnrin rẹ̀ rárá. Fúnmi ló kọjú sí.

"Fúnmiláyọ̀, ta ló ń fi fọ́tò jẹun nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òun lo jẹ́ kó yan kámẹ́rà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fúnmi lákínyẹmí ara. Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òwe yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ó lọ sídìí mọ́tò Adépọ̀jù, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó tì í bọ inú kọ́mú.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ọkọ̀ òfúrufú mi ńkọ́?"

"Màmá dúró dè yín fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ dúró dè mí fún wákàtí méjì."

"Jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé ẹ lọ, kó yá kíá."

"Bẹ́ ẹ bá ti dé Ìkìrun, Èkó lẹ máa kọjú sí. Ẹ jókòó ti ìyá yín."

Bọ́ọ̀sì èrò ló wọ̀. Nígbà tó fi máa padà dé pẹ̀lú kámẹ́rà ògbólógbòó lọ́rùn, aago méjì ààbọ̀ ti lù. Adépọ̀jù ti sọ̀rọ̀ títí, ohùn ti há a. Màmá ò kúrò lórí ìjókòó.

Fúnmi gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó yí ibi tó máa ń fún un láyè ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó ya fúnra rẹ̀, ó sáré jókòó sósì Màmá. Ó yà. Fúnmi sọ kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fọ fíìmù náà. Ojú òun àti Adépọ̀jù le koko, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Màmá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn, ó di ọrùn ọwọ́ Adépọ̀jù mú débi pé awọ ibẹ̀ rún. Ẹyọ kan ni Fúnmi tẹ̀, ó gbé e kọ́ sí yàrá Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lẹ́tà ti dé láti London pé kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí òun. Èsì kan náà ni Fúnmi ń kọ padà: kó wálé wá wò ó.