Tábìlì Ẹni Méjì ní Ìta Gbangba

Ọ̀sán gangan ni, ní Mọ́kọ́lá, Ìbídùnní sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń wá ibi tí àwọn méjèèjì yóò ti jẹun. Bàbá ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn. Àrùn kòrónà ló pa á. Àwọn tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ló sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró ní ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán yìí, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ nílé ìwòsàn, ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó sì mú bébà kékeré kan lọ́wọ́. Kò ya Ìbídùnní lẹ́nu. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò ní àtàrí.

Ọ̀rọ̀ inú bébà náà kò gùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá Ọ̀ṣínúbi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, gba àyè láti jáde wá jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìta gbangba ni kó ti jẹ ẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí tábìlì kan sì jìnnà sí èkejì. Kò gbọdọ̀ jẹun nínú ilé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kó padà. Wọn ò kọ ibi tí yóò padà sí, Ìbídùnní náà ò sì béèrè.

"Ebi ń pa mí, Àníkẹ́," ni bàbá wí. Oríkì ló máa ń fi pè é láti kékeré.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá fi wà ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn náà sí, ojoojúmọ́ ni Ìbídùnní sì ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí ẹnu géètì. Wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Wọ́n á gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, àwọn á gbé e fún bàbá. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n kó gbogbo abọ́ náà padà fún un nínú ọ̀rá dúdú kan. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ṣí nínú wọn. Láti ìgbà náà, bí Ìbídùnní bá jẹun, kì í yó.

Ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ní àkọlé lẹ́nu ọ̀nà: ÌTA NI A TI Ń JẸUN NÍBÍ. Ọkùnrin kan dúró ti géètì, ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ bí ara ènìyàn ṣe gbóná sí lọ́wọ́. Ó nà án sí iwájú orí Ìbídùnní, ẹ̀rọ náà sì fọhùn bí obìnrin, ó ní, "Ara tìrẹ dá." Ó nà án sí ti bàbá. Ẹ̀rọ náà rọra sọ pé, "Ẹ kú ìrìn, sà."

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n wọlé.

"Ìta la fẹ́," ni Ìbídùnní sọ fún un. "A ò fẹ́ wọ inú ilé."

"Ìta náà ni mo ń wí, mà. Ẹ wọlé sí ìta."

Ẹ̀yìn ilé náà dára. Koríko tútù wà nílẹ̀, tábìlì mẹ́fà wà lórí koríko, wọ́n sì jìnnà síra dáadáa. Ìbídùnní fa àga fún bàbá, òun náà jókòó. Ó ń ka orúkọ oúnjẹ nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ nígbà tó rí i pé ògiri ń hù láti inú koríko. Kò yára. Bí àgbàdo tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń hù. Ó dé orúnkún. Kí ó tó rí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ pè, ògiri náà ti dé èjìká, fèrèsé ti yọ lára rẹ̀, kọ́tìnì sì ti wà lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ògiri ń hù níbí."

Obìnrin náà wò yíká, kò kánjú. "Ìta nìyí o," ó ní. "Gbogbo àwọn tí ẹ ń wò yìí, torí pé ìta ni wọ́n ṣe wá."

Àwọn tó wà nídìí tábìlì yòókù ń jẹun lọ. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́. Ikọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹyẹ kékeré tó ní àwọ̀ eérú, ó fò yí gbogbo ibẹ̀ ká, ó ń wá ọ̀nà àbájáde, nítorí àjà ti ń fa ara rẹ̀ jọ lókè. Ẹsẹ̀ ẹyẹ náà kan etí abọ́ omi tó wà níwájú bàbá. Ìbídùnní ò dúró mọ́. Ó gbé bàbá rẹ̀, bàbá sì fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Ojú fèrèsé ló gbà jáde kí àjà tó pa dé.

"A ò tíì jẹun," ni bàbá wí nígbà tí wọ́n dé ojú títì.

"A máa jẹ, sà."

Ilé oúnjẹ kejì wà ní Bódìjà, lórí pápá ńlá kan tí Ìbídùnní ò rí rí láti ọjọ́ tó ti ń gbé ní Ìbàdàn. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí òrùlé, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wá pàdé wọn, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ lókè ìbòmú. Ó ní ẹ̀rù òfin ń ba òun, ẹni kan tábìlì kan ni lọ́dọ̀ òun.

"Bàbá mi ni, mà," ni Ìbídùnní wí. "Ilé kan náà la ti wá."

Obìnrin náà wo aṣọ aláwọ̀ ewé náà. "Ilé kan náà lẹ ti wá lónìí?"

Ìbídùnní fa àga fún bàbá nídìí tábìlì kan, òun náà lọ sídìí òmíràn.

Wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń rí bàbá rẹ̀ kedere. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, bó ṣe máa ń jókòó nílé bó bá ń dúró de oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n rọra ń fà sẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tú okùn rẹ̀, bí wọ́n sì ti ń lọ ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ jìnnà síra, ẹ jìnnà síra," pẹ̀lú ohùn tútù bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ gun kẹ̀kẹ́, ó gbé àwo ìrẹsì lé ọwọ́ kan, ó kọrí sọ́dọ̀ bàbá. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà kíkan-kíkan, kò sì dé. Bàbá ń kéré sí i. Ó na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n Ìbídùnní ò mọ̀ bóyá ó ń kí òun ni tàbí ó ń pe òun.

Ó dìde, ó sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ń rìn nínú ògì. Ó sáré kọjá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa, ó sáré kọjá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tì pa, ó kọjá ilé ara rẹ̀, ó rí fìlà bàbá lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kò sì lè dúró mú un. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ tábìlì náà mú títí tó fi dúró. Ìrẹsì ti dé. Ó ti pẹ́ lọ́nà débi pé irùngbọ̀n funfun ti hù sí i.

"Ṣé o ń rí mi láti ọ̀hún?" ni bàbá béèrè.

"Mo ń rí yín, sà."

"Èmi ò rí ọ," ni bàbá wí. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tún yà sí ibi púpọ̀ sí i. Níbì kan, ìta tí wọ́n kọ sára ògiri wà nínú fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sí yàrá. Níbòmíràn, obìnrin kan yọ orí lójú wíńdò, ó ní, "Ìta ti tán. Ẹ bá ti tètè dé." Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù díẹ̀, kódà bó jẹ́ ìwọ̀n àga kan. Obìnrin náà wọlé lọ wò ó, ó padà wá, ó mi orí. Ó káàánú wọn, èyí ló wá dun Ìbídùnní jù. Bó bá jẹ́ pé ó lé wọn ni, ì bá bá a jà.

Oòrùn ti rẹlẹ̀. Bàbá dúró lójú títì, ó ní, "Àníkẹ́, jẹ́ ká lọ sí ibi iṣẹ́ mi."

Ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n yí igun kan, ibùdókọ̀ náà sì wà níbẹ̀ ní Dùgbẹ̀, koríko ti bo ojú irin mọ́lẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí èrò. Lórí pèpéle gígùn tí àwọn èrò máa ń dúró sí, ẹnì kan ti to tábìlì. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi ya òbírí yí tábìlì kọ̀ọ̀kan ká. Ìyá arúgbó kan ń dáná ní ìkángun pèpéle náà. Afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀nà adágún Ẹlẹ́yẹlé bọ̀, ó ń gbé òórùn omi wá. Ìbídùnní wo òkè, ojú ọ̀run ló rí. Ó wo ilẹ̀, kò sí ohun tó ń hù. Ó tẹ tábìlì, kò mì.

"Ibí dára," ni bàbá wí, ó sì jókòó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá, ìkọ́kọrẹ́ ló sì béèrè. Ìyá arúgbó náà gbé e wá nígbà tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, ó kó ẹja yíyan àti edé sí i lára. Ó gbé e sí etí òbírí náà, kò wọ inú rẹ̀. Ìbídùnní gbé àwo náà síwájú bàbá, ó wá na ọwọ́ tú okùn ìbòmú rẹ̀.

Ìbòmú mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tú ìyẹn náà. Òmíràn tún wà níbẹ̀, aláǹkárá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán fún bàbá nígbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Lábẹ́ rẹ̀, òmíràn. Bàbá gbé àgbọ̀n sókè bí ọmọ tí wọ́n ń fọ ojú rẹ̀. Ìbídùnní ń tú u lọ. Ọ̀kan ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Òórùn irun bàbá wà lára ọ̀kan. Òmíràn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mí sínú rẹ̀. Wọ́n kún orí tábìlì, wọ́n ń dà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ó kù díẹ̀."

"Mi ò bínú."

Èéfín orí oúnjẹ dáwọ́ dúró. Ìyá arúgbó náà nọgà láti ìdí iná rẹ̀, ó ní, "Ó ń tutù o."

"Ìbòmú yìí ni kò tán, mà!"

"Kì í tán," ni ìyá náà wí, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Apá Ìbídùnní ò ká a mọ́. Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀. Bàbá wá fi ìka kan ti àwo náà síwájú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Jẹ ẹ́, Àníkẹ́. Kí o sọ fún mi bó ṣe rí."

Ìbídùnní sọ ìbòmú tirẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan péré ni. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ náà sẹ́nu. Kò dùn, kò korò. Kò gbọ́ adùn epo, kò gbọ́ ata, kò gbóòórùn ẹja. Bí ẹni fi ṣíbí bu afẹ́fẹ́ ló rí. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó mọ̀ pé ohun tó pa bàbá ti wà lára òun náà, ó sì wo bàbá, ó rí i pé ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu òun.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, sà," ni Ìbídùnní wí. Àbí kí ni ì bá sọ? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn oúnjẹ náà láti inú ohun tó rántí. Ó ní ewùrà rẹ̀ kì í ṣe olómi, ó ní ó kó kókó díẹ̀díẹ̀ bí ìyá wọn ṣe máa ń sè é ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyá bá jókòó sẹ́yìnkùlé, tó ń rin ewùrà, tí ọwọ́ ń yún un, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní ẹja náà gbẹ dáadáa, ó ní ata rẹ̀ ń ta díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, kò pọ̀ jù. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni àgbọ̀n bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ìbòmú. Ó ń jẹun. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀. Ìbídùnní sinmi kó lè mí, bàbá náà sì dáwọ́ jíjẹ dúró, ó ń wò ó. Ni kò bá lè sinmi mọ́. Ó ń bù ú sẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbé e mì, ó ń sọ̀rọ̀, títí àwo náà fi kù díẹ̀ kó ṣófo.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dára," ó ní. "Iyọ̀ ló kù díẹ̀ níbẹ̀."

Ìbídùnní ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló gbé e ni tàbí ẹkún. "Ẹ dúró, sà. Ẹ má dìde. Mo ń bọ̀."

Ó gba àárín àwọn òbírí funfun náà kọjá, kò tẹ ọ̀kankan. Ìyá arúgbó náà bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bá a pa ọwọ́ náà dé. Oòrùn ti wọ ẹ̀yìn òrùlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó yára padà.

Nígbà tó dé etí òbírí náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò kọjá lórí ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, òun náà kọ̀. Bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́, àsìkò tí wọ́n kọ sínú bébà ti pé. Òjò ń rọ̀ sórí àga rẹ̀. Àga náà nìkan ni òjò ọ̀hún ń rọ̀ sí, kò fẹ̀ jù ú lọ, ó ń ti òkè réré bọ̀ tààrà bí okùn, orí tábìlì sì gbẹ táútáú.

"Bàbá mi!"

Òjò náà ń rọ̀ lọ. Ìbídùnní na ọwọ́ tó fi di iyọ̀ mú síwájú, ó nà án títí èjìká fi ń dùn ún, kò dé ibẹ̀. Iyọ̀ náà ti ń yọ́, ó ń kán sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀.