Jagunjagun Inú Ìgò

Iṣẹ́ obìnrin kan ni kó máa tọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò. Á yọ àwọn tó ń gbèjà ara nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, á kọ́ wọn láti dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n á sì dá wọn padà sára ẹni tó ni wọ́n. Ó ti ṣe é fún àjèjì tí kò lóǹkà. Nígbà tí kókó jẹjẹrẹ yọ sí ẹ̀dọ̀fóró àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti tọ́ tirẹ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ wọn yó o," àbúrò ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ibùsùn. "Ta ló ń fi ebi jagun?"

Ó bọ́ wọn lóòótọ́. Ó po ṣúgà sómi wọn, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ fún wọn. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún un.

"Inú kókó ò rí báyìí. Afẹ́fẹ́ ò tó níbẹ̀, jẹjẹrẹ sì ti jẹ ṣúgà ibẹ̀ tán. Jẹ́ ká dín oúnjẹ wọn kù, kí ara wọn le."

"Wọn ò ní pọ̀ nígbà yẹn. Àbúrò mi ni! Mi ò lè fi tirẹ̀ dánra wò."

Sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ bí eṣú. Nínú ìgò, wọ́n jẹ jẹjẹrẹ run wómúwómú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ ara àbúrò, kókó kàn súnkì díẹ̀ ni, ló bá tún ń wú. Dókítà ní àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, àárẹ̀ ló mú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àkẹ́bàjẹ́ lẹ rán lọ sógun," àbúrò wí. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó gbà lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà mú ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì àbúrò tó ṣẹ́ kù, tí kò tó fi wo ẹnikẹ́ni sàn, jáde nínú yìnyín tí wọ́n fi pa á mọ́, ó fi oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ tọ́ wọn. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n ń bá jẹjẹrẹ inú ìgò jà, wọn ò dẹ́kun. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ iye oúnjẹ náà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọmọdébìnrin kan, aláìsàn tó tẹ̀lé àbúrò. Ara ọmọ náà yá. Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú gírígírí.

"Ẹ ò ní sunkún ọmọ ìyá yín láé."

"Àmín," obìnrin náà dáhùn, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.